Gbẹ́ àti Kàn: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa Ń Sọ Nípa Ìtàn Àga Onígi



Ọ̀kan nínú yín tó ń bá wọn yẹ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wò, ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ń kọ ọ́ lóminú: pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́ àwọn baba ńlá wa bí a ṣe ń ṣe àga àti tábìlì. Ó ní ẹni tó kọ ìwé náà ti mú ẹ̀rí rẹ̀ dání. Ṣebí káfíńtà, tábìlì, bẹ́ńṣì àti kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn? Bí orúkọ bá jẹ́ ti àlejò, àlejò náà ló ni ohun tó ń jẹ́ orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wá béèrè pé, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó má fi sílẹ̀. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá kà nínú ìwé, ó lè gbé e dé ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó fi ìbínú pa á rẹ́, kó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwa la kọ́kọ́ ṣe ohun gbogbo láyé. Ìyẹn náà kò sàn jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká fi etí sí àwọn ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn, nítorí wọ́n ń jẹ́rìí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí òǹkọ̀wé náà gbọ́.

Ẹ fa ìlà sí àárín bébà

Bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì nígbà náà lọ́hùn-ún la ó tún ṣe. Ẹ fa ìlà sí àárín bébà. Ní apá ọ̀tún, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a bá nílé: àga, àpótí, ìtẹ́, àpèrè, ìtìsẹ̀, tìmùtìmù, pẹpẹ, ilẹ̀kùn, pákó, ìṣó, òòlù, ààké, ayùn. Ní apá òsì, ẹ kọ àwọn tó wọlé wá bá wa: káfíńtà, tábìlì, bẹ́ńṣì, kọ́bọ́ọ̀dù, férémù, gúlù, sánpépà, fáníṣì, pọ́líìṣì.

Ẹ wò wọ́n dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé òyìnbó ló kọ́ wa láti jókòó sórí nǹkan, àga ni ìbá kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àga ti bá èdè wa mu débi pé nígbà tí ẹgbẹ́ àti ìpàdé ìgbàlódé dé, inú rẹ̀ la ti yọ alága. Àwọn ìyá wa tó ń darí ètò ìgbéyàwó tilẹ̀ tún fi dá àrà: alága ìjókòó àti alága ìdúró. Ẹ ro ó wò ná, ẹni tó ni àga tí kò sì jókòó! Ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì di onílé kò ṣeé fi ṣeré báyẹn.

Kí ló wá so àwọn ọ̀rọ̀ apá òsì pọ̀? Ohun tí a fi pákó púpọ̀ so pọ̀ ni tábìlì, bẹ́ńṣì, kọ́bọ́ọ̀dù àti férémù. Gúlù ló ń mú pákó lẹ̀ mọ́ pákó. Sánpépà, fáníṣì àti pọ́líìṣì la fi ń parí ojú pákó náà. Káfíńtà ni ẹni tó ń ṣe é. Nínú gbogbo wọn, tábìlì ló jẹ́ àlejò pátápátá, nítorí orí ẹní la ti ń jẹun, àwo sì wà nílẹ̀. Àwọn yòókù, ọ̀nà tuntun láti ṣe ohun tí a ti mọ̀ ni wọ́n. Ìjókòó kì í ṣe àlejò. Síso pákó pọ̀ ni àlejò.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀ díẹ̀, ká wo ọ̀rọ̀-ìṣe. Méjì péré ni: gbẹ́ àti kàn.

Gbẹ́

Ẹ rántí bí a ṣe ṣẹ̀dá gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ọnà ni ọ̀rọ̀-orúkọ. A pa wọ́n pọ̀, fáwẹ́lì kan jẹ, ó di gbẹ́nà. A wá pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó di orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀nà kan náà la gbà rí panápaná, pẹjapẹja àti kọ́lékọ́lé. Ẹ má sì jẹ́ kí ohùn ṣì yín lọ́nà: ọnà inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí à ń rìn. Ọnà ni ẹwà tí a fi ọwọ́ ṣe sára nǹkan. Orúkọ iṣẹ́ náà ti sọ pé ẹwà wà nínú iṣẹ́ igi láti ilẹ̀.

Gbẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? A ń gbẹ́ kànga, a ń gbẹ́ kòtò, a ń gbẹ́ odó, a ń gbẹ́ ère, a ń gbẹ́ àpótí. Ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: à ń yọ kúrò. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga kò fi nǹkan kún ilẹ̀; ó ń kó erùpẹ̀ jáde títí àyè yóò fi ṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí ìjókòó ti àtijọ́. Ìtì igi kan ṣoṣo ni. Ibi tí à ń jókòó lé, ìbàdí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, inú igi kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí gúlù, kò sì sí oríkèé tí yóò yẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ wa, ẹ wo Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n rí àwọn àpótí ìjókòó tí a fi òkúta akọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní quartz, gbẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ní ọwọ́ tó tẹ̀ kọ́rọ́dọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Iṣẹ́ wọn ti pẹ́ ju 500 ọdún lọ. Ẹni tó bá fi sùúrù gbẹ́ òkúta líle báyẹn di ìjókòó tó dán gbinrin, ẹ má sọ fún mi pé kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní àga.

Ilẹ̀kùn náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ní irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ férémù. Lára pákó náà gan-an ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ orí ṣóńṣó kan sí òkè àti ọ̀kan sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n á fi wọ inú ihò tó wà lókè àti nílẹ̀. Orí ihò yẹn ló ti ń yí bí a bá ṣí i tàbí tì í. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ jẹ́ yíyọ, yóò yọ ilẹ̀kùn àti ohun tí yóò gbé e dúró jáde láti inú igi kan.

Àlùfáà ìjọ Àgùdà kan wà, Kevin Carroll ni orúkọ rẹ̀, tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Bámidélé ọmọ Arèógún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Carroll jókòó ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1967. Ìpele mẹ́rin ló rí. Àkọ́kọ́, wọn á fi ààké gé ìrísí ńlá jáde. Èkejì, wọn á pín ìrísí ńlá náà sí kéékèèké, kí orí, apá àti ẹsẹ̀ lè yàtọ̀ síra. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ fa ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Nínú ìpele mẹ́rin, méjì jẹ́ ti ojú igi: bí yóò ṣe dán àti bí yóò ṣe fín. Ohun tí káfíńtà òde òní ń pè ní fíníṣìn, ìdajì iṣẹ́ ni lójú àwọn baba wa. Wọn ò ní sánpépà, àmọ́ wọ́n ní ewé ìpín. Igi ìpín wà káàkiri ilẹ̀ wa. Ojú ewé rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ahọ́n màlúù, tí ẹ bá sì fi ra igi, á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúnná. Òun náà ni wọ́n fi ń dán igbá. Bí ojú igi bá dán tán, wọ́n lè fi osùn, ẹ̀lú tàbí ẹfun kùn ún.

Kàn

Ọ̀rọ̀-ìṣe kejì wá dé. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé káfíńtà ń gbẹ́ bẹ́ńṣì. Ó ń kan bẹ́ńṣì ni. Ó kan àga, ó kan tábìlì, ó kan ibùsùn. (Ohùn ìsàlẹ̀ ni kàn ní tòótọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn rẹ̀ sí àárín. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé ìyẹn.) Gbẹ́ ń yọ kúrò, kàn ń fi kún. Ẹni tó ń gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó tóbi, ó ń dín in kù. Ẹni tó ń kàn bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kéékèèké, ó ń mú un tóbi. Ìrònú méjì ni.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń ki igi bọ igi. Idà ààké wa máa ń gba inú èèkù kọjá, igi òfì tí àwọn ìyá wa fi ń hun aṣọ sì ní òpó àti ìdábùú. Ohun tó yí padà ni pákó. Nígbà tó jẹ́ pé ààké la fi ń la ìtì igi, tí a sì ń gẹ́ ẹ títí yóò fi tẹ́jú, pákó díẹ̀ ló lè jáde nínú igi ńlá kan, èyí tó pọ̀ a sì di èérún. Ayùn ńlá ẹlẹ́ni-méjì yí i padà: wọ́n á gbé ìtì igi sórí kòtò, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wà nínú kòtò, wọ́n á máa fà á lókè-nílẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ìtì kan. Nígbà tí sómìlì wá dé, pákó di ohun tí a lè rà lọ́jà. Bí pákó bá ti pọ̀, kíkàn ni yóò gbilẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá.

Ta ló mú un wá?

Ibí yìí ni gbólóhùn inú ìwé yẹn ti ṣìnà jù lọ. Ó ní òyìnbó ló kọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé ta ni káfíńtà tó kọ́kọ́ ṣí ilé iṣẹ́ ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822 ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì dé Freetown. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí bíṣọ́ọ̀bù, a mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ní 1843. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ní abúlé Bathurst, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Freetown, iṣẹ́ káfíńtà wà lára ohun tó kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Òun nìkan kọ́. Láti 1839 ni àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sierra Leone, ti ń padà wá sí Èkó, Bàdágírì àti Abẹ́òkúta, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà láàárín wọn.

Láti ìhà kejì òkun, àwọn Àgùdà ń bọ̀ láti Brazil. Àwọn wọ̀nyí ti kọ́ iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ bíríkìlà ní Bahia, nínú oko ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti rìn ní Pópó Àgùdà ní Èkó ti rí iṣẹ́ wọn lára fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà náà, ló kọ́ ọ. Ìmàle ló ní kí wọ́n kọ́ ọ, Àgùdà ló kọ́ ọ, ọwọ́ tó sì ṣe é ti kọjá òkun lọ, ó ti kọjá òkun bọ̀.

Lẹ́yìn wọn ni réluwéè dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1900. Ilé iṣẹ́ réluwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́tta gba káfíńtà púpọ̀, àwọn tó sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ gbé e padà sí ìlú wọn.

Òyìnbó wà nínú ìtàn náà. Ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì wà níbẹ̀, irinṣẹ́ láti Sheffield wà níbẹ̀. N kò ní pa ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró síwájú ọmọ iṣẹ́ ní Èkó, tó mú un lọ́wọ́, tó fi bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n igi kan wọ inú ihò igi kejì hàn án, ọmọ wa ni, tàbí ọmọ ọmọ wa. Wọ́n fi ipá mú un lọ, ó sì kó ọgbọ́n tó rí lọ́hùn-ún bọ̀ wálé. Ìtàn ńlá nìyẹn. Gbólóhùn tó ní "òyìnbó ló kọ́ wa" pa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ tó bọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó lọ

Ẹ tún gbọ́ ti káfíńtà. P tiwa yàtọ̀ sí p òyìnbó, nítorí kp là ń pè. Síbẹ̀, bí a bá yá ọ̀rọ̀ tó ní p lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, p tiwa la sábà máa ń fi sí i: pẹ́ńsùlù, páìpù, pọ́líìṣì. Bí a bá tẹ̀ lé òfin yẹn, kápíńtà ni carpenter ìbá dà. Níbo ni f ti wá? Àwọn Hausa náà ń pè é ní kafinta, èdè Hausa sì ni p òyìnbó ti sábà máa ń di f: passenger di fasinja, pump di famfo. Èrò tèmi ni pé káfíńtà gba ẹnu àwọn Hausa kọjá, níbi tí àwọn àti àwa ti jọ ń ṣiṣẹ́, ní bárékè àti lójú irin, kó tó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu wa. Tábìlì ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá fi etí gbọ́ table, é ni yóò pè, bí a ṣe ń pe kéèkì àti tépù. Á tó wà nínú tábìlì ti jọ ohun tí a kà lójú ìwé ju ohun tí a gbọ́ lẹ́nu èèyàn lọ. Ọ̀kan gba ilé iṣẹ́ wọlé, èkejì gba ilé ìwé wọlé.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ kò rin ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ wọ ilé ìtajà pákó ní London, ẹ ní ẹ fẹ́ igi tí ẹ ó fi ṣe tábìlì tàbí ilẹ̀kùn. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ní iroko, idigbo, afara, opepe àti abura. Yorùbá ni wọ́n ń sọ o! Ìrókò wa, ìdígbò wa, afárá wa, ọ̀pẹ̀pẹ̀ wa, àbùrà wa. Bí káfíńtà Ìbàdàn ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó bá béèrè sánpépà, bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà London ń sọ Yorùbá nígbà tó bá béèrè igi. Bí orúkọ àyálò bá jẹ́ ẹ̀rí pé a kò ní nǹkan náà tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé àwọn náà kò ní igi kankan nínú igbó wọn nìyẹn. Ẹ rí i pé ẹ̀rí òǹkọ̀wé náà kò lè dúró.

Ilẹ̀kùn kan, àga kan

Ìtàn kan wà tó so gbẹ́ àti kàn pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Olówè, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára rẹ̀ ni ó gbẹ́ ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá sí ìlú sí: ọba jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀ ní apá kan, wọ́n sì gbé òyìnbó bọ̀ ní apá kejì. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley. British Museum rí i, ó wù wọ́n, wọ́n fẹ́ kó di tiwọn. Ohun tí Ògògà gbà ní pàṣípààrọ̀ ni ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ. N kò rí i bẹ́ẹ̀ tán. Ọba mọ ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà wà. Ohun tí kò sí nítòsí ni àga àwọn tó ń ṣàkóso lásìkò náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òṣùwọ̀n wa láti ìgbà náà. Ohun tí a gbẹ́ di ohun tí wọ́n ń tọ́jú sínú gíláàsì, ohun tí a kàn di ohun tí à ń jókòó lé. Díẹ̀díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èkíní jẹ́ àṣà, èkejì jẹ́ ọ̀làjú. Inú èrò yẹn gan-an ni gbólóhùn inú ìwé àwọn ọmọdé ti jáde.

Nílé tiwa

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, èmi àti káfíńtà àdúgbò wa ti jọ kan pẹpẹ ìwé mẹ́ta àti bẹ́ńṣì kan ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kún ohun tí mo mọ̀ nínú ìwé, ó sì lè wúlò fún ẹ̀yin tó fẹ́ gbìyànjú nílé.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ omi. Igi tí a là máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, á wú. Bí ọ̀yẹ́ bá dé, á fún un jáde, á sún kì. Ìbú rẹ̀ ló ń wú, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn yín fi ń há lóṣù keje, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé lóṣù kìíní. Gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń gbẹ́ igi nígbà tó ṣì tutù, nítorí ó rọ̀ lábẹ́ irin. Káfíńtà kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí pákó bá tutù nígbà tí ẹ kàn án, ọ̀yẹ́ àkọ́kọ́ ni yóò tú oríkèé rẹ̀. Bí ẹ bá ra pákó ní Bódìjà, ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Èkejì ni ìparí ojú rẹ̀. Ẹ bá iṣan igi lọ, ẹ má dábùú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí sánpépà tó le, bí i nọ́ńbà 80, ẹ lọ sí 120, kí ẹ tó dé 220. Ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sánpépà tó kúnná rà á díẹ̀, kí ẹ tún un kùn. Ẹ má gbàgbé abẹ́ tábìlì: bí ojú kan bá ní fáníṣì tí ìkejì kò ní, omi yóò máa gba ìhà kan wọlé, pákó náà yóò sì tẹ̀. Pọ́líìṣì tí wọ́n ń po pẹ̀lú spírítì dára fún pẹpẹ ìwé. Ara kòkòrò kan ní Íńdíà ni wọ́n ti ń rí i, inú èdè Íńdíà náà sì ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, lac, ti wá. Ṣé ẹ rí i, Gẹ̀ẹ́sì náà yá a! Ṣùgbọ́n ife tíì gbígbóná á fi àmì sí i lára, nítorí náà fáníṣì ni kí ẹ lò fún tábìlì oúnjẹ.

Ohun kan tí mo gbọ́ lẹ́nu káfíńtà wa ló mú mi dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi pè wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní òun ti parí, pé kí wọ́n gbé fáníṣì wá. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ ra pákó náà, ó mi orí, ó ní, "Kò tíì dán." Ọ̀rọ̀ tí Carroll gbọ́ lẹ́nu àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì nìyẹn. Irinṣẹ́ ti yí padà, igi ti yí padà, gbẹ́ ti di kàn, àmọ́ òṣùwọ̀n tí à ń fi mọ iṣẹ́ tó parí kò kúrò níbi tó wà.

Igi ìpín kan wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo bi ọmọ iṣẹ́ náà bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ewé lásán ni, sà." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó já ewé mélòó kan, ó ní kó fi ra etí pákó tí sánpépà kò dé. Ó ra á, ó fọwọ́ kàn án, ó tún já òmíràn. Ọmọ yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ká ní Bàbá kò sí níbẹ̀ ńkọ́?

Gbólóhùn tí mo fi ránṣẹ́

Èyí ni mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi fi rọ́pò tinú ìwé náà: *Àwọn baba ńlá wa máa ń gbẹ́ àga, àpótí àti ilẹ̀kùn láti inú igi kan ṣoṣo, wọ́n sì ń fi ewé ìpín dán an. Nígbà tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n fi ipá kó lẹ́rú lọ àti àwọn ọmọ wọn, padà dé, wọ́n mú ọgbọ́n kíkan pákó pọ̀ wá sílé.* Gbólóhùn méjì péré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kà á, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Bí àyè bá wà, kí wọ́n ya ewé ìpín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀yin náà. Ẹ lọ bá káfíńtà tó dàgbà jù ní àdúgbò yín, ẹ mú bírò dání, kí ẹ bi í ní orúkọ gbogbo ohun tó ń lò àti gbogbo ohun tó ń ṣe, lẹ́nu tirẹ̀. Ẹ kọ ohùn sí i. Ẹ béèrè ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń pè é kó tó di ohun tí òun ń pè é. Kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mà á tò wọ́n síbí fún gbogbo wa.

Àwọn àgbà ní gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó wá ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Mo ti ṣe tèmi. Ó dọwọ́ yín.